Kí Ló Ń Lé Bàbá Yìí?

Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé àgbà sọ ní Ọ̀fà Garage, Ìlọrin

   

Tíṣà wa ni ó ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Mo ní, "Èmi kẹ̀? Kí ni èmi mọ̀?" Ó ní kí n sọ ti eré tí mo sá lọ sí odò Asà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé ìyẹn náà lọ́rọ̀ ni? Ó ní ọ̀rọ̀ ni. Nítorí náà, bí ó bá sú yín, Tíṣà ni kí ẹ bá wí, ẹ má bá mi wí.

Ẹ̀yin náà mọ òwe tí àwọn baba wa máa ń pa. Wọ́n ní àgbàlagbà kì í déédé sáré nínú ẹ̀gún. Bí kò bá lé ejò, ejò ni ó ń lé e. Òwe yìí ni wọ́n fi dá mi lóró nínú gáréèjì yìí fún odindi oṣù mẹ́ta. Bí mo bá ti wọ ṣòkòtò péńpé mi ní ìdájí, tí mo ń sáré kọjá, wọ́n á pariwo lé mi lórí: "Baba, kí ló ń lé yín? Ṣé ọlọ́pàá ni àbí olówó èlé?" Ìyá kan tó ń ta àkàrà já sójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. Omi ti lé ròrò sí i lójú. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kú?" Ó rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún mi ni. Mo ní, "Ìyá, kò sẹ́ni tó kú. Mo kàn ń sáré ni." Ó jù mí lọ́wọ́ sílẹ̀. Ó ní àṣé nǹkan ń ṣe mí.

Ó dára. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lé mi fún yín.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi wa ọkọ̀ láti Ìlọrin sí Ọ̀fà, láti Ọ̀fà sí Ìlọrin. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ bí iṣẹ́ wa ti rí. Ìjókòó ni. A ó jókòó de èrò, a ó jókòó wa ọkọ̀, bí a bá dé ọ̀hún a ó tún jókòó jẹun. Ìrìn tí mo ń rìn jù lọ lójúmọ́ ni láti ẹnu ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Àmàlà, ẹran, mínírà tútù kan. Ikùn mi ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo. Inú mi sì ń dùn sí i. Mo ń pè é ní ikùn olówó, bẹ́ẹ̀ ni owó kò sí ńbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, awakọ̀ ni òun náà. Ní ọdún 2019, ó jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, ohùn kò já gaara. Ọwọ́ ọ̀tún kò gbé mọ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbé mọ́. Ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Wọ́n ní kí a wá ẹni tó ń bínú sí i kàn. Dókítà ní kí a má wá ẹnì kankan kàn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fa àrùn rọpárọsẹ̀ náà. Nígbà tí a tú àpótí rẹ̀ wò, a bá káàdì ilé ìwòsàn níbẹ̀. A bá oògùn tí wọ́n ti fún un láti ọdún méjì sẹ́yìn. Páálí náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kún síbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára ni pé kí ó máa lo ẹyọ kan lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ̀wé. Èmi kò mọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀wé. Ó rò pé oògùn orí fífọ́ ni, ọjọ́ tí orí bá fọ́ ọ ni ó ń lò ó.

Ó lo oṣù mẹ́sàn-án lórí ẹní. Èmi ni mo ń gbé e lọ sí ilé ìwẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi ní ọkọ̀ wíwà. Lẹ́yìn náà, ó lọ. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ.

Nígbà tí a ṣe àdúà ọjọ́ mẹ́jọ tán, mo mú ara mi lọ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì so nǹkan kan mọ́ mi lápá, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi fún mi. Ó wo aago rẹ̀. Ó wò mí lójú. Ó ní, "Baba, ẹ rọra jókòó." 170 lórí 110 ni ó bá lára mi. Mo ní ṣé ìyẹn dára? Ó ní bí ó bá ti dé 140 lórí 90, tí a wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan, tí a tún wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí kò wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru nìyẹn. Mo ní kò sí ibi kankan tí ń dùn mí. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni ewu rẹ̀ wà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fọ mọ́tò, ó máa yé yín ju àwa tó kù lọ: bí omi bá le jù nínú rọ́bà, rọ́bà kò ní ké. Ibi tí ó bá ti gbó ni yóò kàn bẹ́. Bí ibi tí ó gbó bá wà nínú orí ńkọ́?

Wọ́n fún mi ní oògùn. Wọ́n ní kí n dín iyọ̀ kù. Wọ́n ní kí n fi mínírà sílẹ̀. Wọ́n sì ní kí n máa rìn. Àjọ ìlera gbogbo àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ìrìn kánmọ́kánmọ́, tàbí iṣẹ́ ara mìíràn tó ń mú kí èèyàn mí gúlegúle díẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò, ẹ̀yin tí ẹ ti dé ìwé ìṣirò kejì. Wákàtí méjì ààbọ̀ ni. Bí ẹ bá pín in sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni lójúmọ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kò tó àkókò tí a fi ń dúró de èrò tó kẹ́yìn kí ọkọ̀ tó kún.

Ejò tó ń lé mi nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí, mo ti dá yín lóhùn.

Ìrìn ni mo kọ́kọ́ ń rìn. Tíṣà ni ó wá sọ pé ojoojúmọ́ ni òun ń sáré, kí n bá òun lọ. Tíṣà yìí, ọmọdé ni sí mi, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ni. Bí a bá wà ní kíláàsì, mo ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí a bá jáde, mo ń pè é ní "ìwọ Tíṣà yìí." Ó mọ̀.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, mo ta kìjí bí ẹni tó jalè. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo ti lágbára rí nígbà èwe. N kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, tí mo ń bì. Tíṣà dúró tì mí. Kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ní, "Baba, ẹ máa sáré bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Bí ẹ kò bá ti lè parí gbólóhùn kan kí ẹ tó mí, ẹ ti sáré jù." Ìwọ̀n tí a ń lò títí di òní nìyẹn. A ń sáré ìṣẹ́jú méjì, a ń rìn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lẹ́yìn oṣù kan, a ń sáré márùn-ún, a ń rìn méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ̀yin Àlùfáà, ẹ má bínú pé mo dárúkọ ẹlẹ́dẹ̀, òwe ni.

Mo ṣe àṣìṣe kan tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nígbà tí ara mi fúyẹ́, tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí mi, mo ní mo ti sàn. Mo fi oògùn sílẹ̀. Mo ní ẹsẹ̀ mi ni oògùn mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé, òòyì kọ́ mi níwájú ọkọ̀, ọpẹ́ ni pé ọkọ̀ kò tíì gbéra. Nọ́ọ̀sì bú mi bí ọmọ rẹ̀. Ó ní ta ló sọ fún mi pé eré ń gba ipò oògùn? Ó ní bí oògùn yóò bá dín kù, dókítà ni yóò dín in kù. Mo tọrọ gáfárà. Láti ìgbà náà, èmi fúnra mi ni mo ń ka ara páálí náà: ẹyọ kan, lójoojúmọ́, ní òwúrọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà tán láìsí ẹni tó ràn mí lọ́wọ́ nínú ayé mi nìyẹn, páálí oògùn. Àwọn mìíràn a máa fi ìwé mímọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bàtà náà ńkọ́? Bàtà kánfáàsì mi àkọ́kọ́, ti ọjà òkìrìkà ni. Ó bó mi ní gìgísẹ̀, ìléròrò yọ. Mo ń ráhùn. Tíṣà wá sọ ìtàn ọkùnrin ará Ethiopia kan fún mi, Abebe Bikila ni orúkọ rẹ̀. Sójà ni, ó wà nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, ó lọ sá eré ọlọ́nà jíjìn ní ìlú Róòmù, níbi ìdíje Òlíńpíìkì. Kìlómítà 42 ó lé díẹ̀ ni eré náà. Bàtà tí ó rí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ó fi í sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán sá a. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó parí, àwọn sójà Ítálì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n mú ògùṣọ̀ lọ́wọ́, iná ògùṣọ̀ yẹn ni wọ́n fi ríran. Bikila ni ó kọ́kọ́ dé. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti díẹ̀ ni ó fi sá a, kò sì sí ẹni tó tíì sá a yára tó bẹ́ẹ̀ rí ní gbogbo ayé nígbà náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta géérégé lẹ́yìn rẹ̀ ni Nàìjíríà gba òmìnira. Ní ọdún 1964 ó tún borí ní Tokyo, ní Japan. Ti ọ̀tẹ̀ yìí, ó wọ bàtà.

Mo gbọ́ èyí, orí mi wú. Lọ́jọ́ kejì mo fi bàtà sílé. N kò tíì kúrò ní gáréèjì tí ìdérí ìgò fi wọ̀ mí lẹ́sẹ̀. Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún, ẹ sì gbàgbé láti sọ ti ìdérí ìgò.

Mo bi Tíṣà pé kí ni ó gbẹ̀yìn Bikila. Ó ní ọkọ̀ rẹ̀ dànù ní 1969, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kú. Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ arọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọfà, ó sì bá wọn díje nínú ìyẹn náà. Ó kú ní 1973. N kò lè sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ ti mọ ẹni tí mo ń rò.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí á bọ́ sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Sátidé kan ní oṣù kẹwàá ni, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo ti ń sáré fún ọdún kan ó lé oṣù mélòó kan. Ibi tí mo ti sá dé rí kò ju wákàtí kan lọ. Tíṣà ní, "Baba, a ó lọ sí etí omi Asà lónìí. A ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, a ó sì padà." Mo ní ọkọ̀ wo ni a ó wọ̀ padà? Ó ní ẹsẹ̀ ni.

A kírun Àsùbá tán, mo mu omi ife méjì, mo jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì. Agogo mẹ́fà kò tíì lù nígbà tí a kúrò ní Ọ̀fà Garage. Ẹ̀yin mọ ibí ní ọ̀sán, tí ariwo kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Ẹ kò mọ̀ ọ́n ní àkókò yẹn. Ó dákẹ́. Ọkọ̀ tò sílẹ̀ bí ẹran tó sùn. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbálẹ̀. Ó kí wa, a kí i, a sì bọ́ sí apá Gáà Akanbí.

Gáà, ṣé ẹ mọ̀ pé ibùdó Fúlàní ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Gbogbo Gáà tí ẹ ń gbọ́ ní Ìlọrin yìí, ibi tí àwọn màlúù ti ń sùn tẹ́lẹ̀ ni. Ilé ti kún ibẹ̀ báyìí. Ojúlé ni ojúlé ń tẹ̀ lé, àkùkọ ń kọ nínú àgbàlá. A jáde sí ọ̀nà Asà Dam, a gba ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kọjá. Níbẹ̀, mo ní láti sọ òtítọ́, kò dùn. Tírélà ń kọjá, èéfín ń wọ̀ wá nímú, ojú ọ̀nà dín. Ojú tí ọkọ̀ ti ń bọ̀ ni a kọ sí, kí awakọ̀ lè rí wa, kí àwa náà lè rí i. Àwa awakọ̀ burú. Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ rin títì ni mo tó mọ bí a ti burú tó.

Nígbà tó yá, a yà kúrò lórí títì. Lẹ́sẹ̀kan náà, ariwo dá. Ilẹ̀ rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ìrì wà lórí koríko. Atẹ́gùn tútù kan sì fẹ́ sí wa lójú. Tíṣà kò sọ ohunkóhun, ó kàn na ọwọ́.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti ń mu omi Asà láti ìgbà tí mo ti dé Ìlọrin. Mo ti wẹ̀ ẹ́, mo ti fi í fọ ọkọ̀. N kò rò ó rí pé ó ní ibì kan tó ti ń bọ̀. Ẹ ṣáà mọ odò Asà tó gba àárín ìlú kọjá, tó pín ìlú àtijọ́ níyà sí apá tiwa níhìn-ín. Láti gúúsù ni ó ti ń bọ̀, ó ń lọ sí àríwá, omi rẹ̀ yóò sì dé inú odò Ọya níkẹyìn. Tẹ́lẹ̀, omi Àgbà ni wọ́n ń fà fún ìlú. Nígbà tí Kwara di ìpínlẹ̀ ní 1967, tí Ìlọrin di olú-ìlú rẹ̀, èrò pọ̀, omi Àgbà kò tó mọ́. Ni wọ́n bá sé odò Asà, wọ́n mọ ògiri ńlá dí i. Omi tí kò rí ọ̀nà lọ ni ó padà sẹ́yìn, tó tẹ́ rẹrẹ bí òkun. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fa omi, tí wọ́n ń sẹ́ ẹ, tí wọ́n ń fi oògùn sí i, kí ó tó bọ́ sínú páìpù. Tí páìpù bá ń yọ, àbí? Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Kùrukùru wà lójú omi ní àárọ̀ náà. A kò rí òdìkejì. Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde láti inú rẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bàbá apẹja kan dúró sínú rẹ̀, ó ń wọ́ àwọ̀n. Òṣíbàtà tẹ́ ewé sórí omi létí bèbè. Àwọn lékeléke wà lórí igi kan, wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rò pé igi náà yọ òdòdó funfun ni. Nígbà tí a sún mọ́ ọn, òdòdó fò lọ.

A ń sáré. Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn apẹja ló là á. Ibì kan gba inú oko àgbàdo tí wọ́n ti kó, ibì kan gba abẹ́ igi ẹ̀mí àti igi irúgbá, ibì kan sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀ tí ẹrẹ̀ fi ń ta sí wa lójúgun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀ mi. Kì, kì, kì, kì. Mo gbọ́ èémí mi, ó ń bá ẹsẹ̀ mi lọ, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ní mímí sínú, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ní mímí síta. N kò ronú owó ọkọ̀. N kò ronú ẹni tó jẹ mí lówó. Mo ti fi ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé inú ara yìí, n kò mọ̀ pé ó lè ṣe báyìí. Bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná tán tí ó wá ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, tí a kò gbọ́ ariwo rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọ̀nà Ọ̀fà ní àárọ̀, tí jíà mẹ́rin wọlé, tí kò sí ẹnì kankan níwájú.

Bàbá apẹja kí wa láti ojú omi. Ó ní, "Ẹ kú eré o! Kí ló ń lé yín?" Tíṣà bú sẹ́rìn-ín. Mo kígbe pé, "Ẹ̀jẹ̀ ríru ni!" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ sáré kó má bá yín!"

Nígbà tí oòrùn yọ, kùrukùru ká nílẹ̀, omi sì dàbí páànù tuntun. Ooru mú wá. Òógùn ń wọ̀ mí lójú. Mo rí ibì kan tí omi tẹ́jú, tí iyanrìn wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti tú okùn bàtà mi. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ sínú rẹ̀. Tíṣà di apá mi mú. Ó ní, "Baba, ẹ má ṣe é."

Ó fi àwọn ìṣáwùrú tó lẹ̀ mọ́ ìdí koríko hàn mí. Ó ní inú irú wọn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá máa ń gbé. Kòkòrò náà kéré, ojú kò lè rí i. Ó máa ń jáde láti ara ìṣáwùrú sínú omi, bí ènìyàn bá sì wọ omi, yóò gba awọ ara rẹ̀ wọlé láìjẹ́ pé ó mọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹni náà yóò máa tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ó bá sì tún tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà yóò bá ìtọ̀ rẹ̀ lọ, yóò tún di ti ìṣáwùrú, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí po. Ní ìgbà èwe wa ńkọ́? Tí ọmọkùnrin bá tọ ẹ̀jẹ̀, a máa ń sọ pé ó ti ń di ọkùnrin. Àṣé àìsàn ni. Ó ní oògùn rẹ̀ wà, praziquantel ni wọ́n ń pè é, ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ kí ó lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò. Mo so okùn bàtà mi padà. Omi inú ike tí mo mú lọ́wọ́ ni mo dà sórí. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò lẹ́yìn ilé, mo rò pé ẹ gbọ́.

Níwájú, àwọn màlúù wá mumi. Wọ́n dí ọ̀nà. Ọmọ Fúlàní kékeré kan ló ń dà wọ́n, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Mo ní, "Sannu." Ó ní, "Sannu, Baba." Ó wo bàtà mi, ó wo ikùn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa sáré! Ọ̀pá rẹ̀ wà léjìká rẹ̀, sálúbàtà onírọ́bà ló wọ̀. Ó ń sáré bí ẹni pé ilẹ̀ ń tì í láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó tó bí ogún òpó iná, ó dúró, ó rẹ́rìn-ín sí wa, ó padà sídìí ẹran rẹ̀. Tíṣà ní, "Baba, ẹ wò ó, Bikila nìyẹn."

A dé ibi tí Tíṣà ti ní kí a padà. A jókòó lórí òkúta fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó pò iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà mọ́ omi kan, ó ní kí n mu ún, nítorí òógùn kì í bá omi nìkan lọ, iyọ̀ ń bá a lọ pẹ̀lú. Mo rántí pé dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù. Mo mu ìwọ̀n ẹnu méjì, mo fi omi lásán lé e. Lọ́jọ́ tí mo padà lọ sí ilé ìwòsàn mo bi wọ́n. Wọ́n ní ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, omi lásán tó fún un ní irú eré bẹ́ẹ̀, kí n má sọ omi iyọ̀ di àṣà. Tíṣà náà gbọ́. Tíṣà kò mọ gbogbo nǹkan, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Àbọ̀ ni ìṣòro wà. Nígbà tí a tún bọ́ sórí títì, oòrùn ti mú. Ní apá Gáà Akanbí, pajápajá mú mi ní ẹran ẹ̀yìn ojúgun. Mo dúró. Mo gbá igi mú. Ọ̀kadà kan dúró tì wá, ó ní, "Baba, ẹ gùn ún, mi ò ní gbowó." Mo wò ó. Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ gùn ún. Mo ti gbé ọwọ́ sókè. Mo wá wo ẹsẹ̀ ọ̀tún mi, èyí tí pajápajá mú. Ó ń dùn mí. Mo mọ̀ pé ó ń dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ tí mo fi abẹ́rẹ́ gún ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti dán an wò, kò mọ̀. Ó ń wo ojú mi, ó ń retí pé kí n gún un.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́kadà. Tíṣà na ẹsẹ̀ náà fún mi, ó fi ọwọ́ ra á. Mo rìn díẹ̀. Mo tún sáré, kì í ṣe eré gidi mọ́, ẹ máa pè é ní ìrìn onígberaga. Báyìí ni a ṣe wọ Ọ̀fà Garage. Ariwo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń pe èrò, "Ọ̀fà, Ọ̀fà, ó kù ẹnì kan!" Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí mi, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi. Wọ́n ní níbo ni mo ti ń bọ̀? Mo ní etí omi Asà. Wọ́n ní ọkọ̀ wo ni mo wọ̀? Mo na ẹsẹ̀ mi sí wọn. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ẹni tó pa òwe.

Fóònù Tíṣà ní kìlómítà 21 ni a sá. Ìyẹn tó ìdajì eré tí Bikila sá. Òun sá odindi rẹ̀ tán kí èmi tó parí ìdajì tèmi, nítorí wákàtí méjì ó lé ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni mo lò. N kò bínú. Láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń sá odindi rẹ̀ ní Èkó, orí afárá ńlá tó gba ojú ọ̀sà ni wọ́n ń gbà. Tíṣà ti ń dọ́gbọ́n sọ ọ́ sí mi létí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó ná.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ti ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, ó dín in, ata wà lórí rẹ̀. Ó fi kókó gbígbóná tì í. Mo jẹ, mo sì lá àwo. Ní oṣù yẹn, ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 132 lórí 84, èmi ni mo kà á fún nọ́ọ̀sì láti ara ẹ̀rọ kí ó tó kà á fún mi.

Mo ní ìwé kékeré kan. Gbogbo eré tí mo bá sá ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, lẹ́tà mi wọ́ bí ọ̀nà Gáà. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé náà, mo mú bírò, mo kọ ọ́ báyìí: "Sátidé. Omi Asà. Kìlómítà 21. Wákàtí 2, ìṣẹ́jú 36. Lékeléke pọ̀. Pajápajá mú mi, mo dé." Ìyàwó mi ní kí n kà á sókè. Mo kà á. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

Ó ní, "Bàbá ilé, ẹ ò kọ wàrà sí i."

Mo tún ṣí bírò, mo kọ wàrà sí i.